Béèrè Lọ́wọ́ Ọ̀gá Ẹlẹ́rọ: Ámpílífáyà wo ló bá sípíkà mi mu?

Ọ̀gá Ẹlẹ́rọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Òṣogbo ni mò ń gbé. Ọmọ mi tó wà ní Leeds, nílùú Ọba, fi sípíkà méjì ránṣẹ́ sí mi, Wharfedale Diamond kékeré, irú èyí tí wọ́n ń gbé sórí pẹpẹ. Ohun tí mo rí kà lẹ́yìn wọn ni 6 óòmù àti 86 dB. Mi ò tíì ní ẹ̀rọ tí màá so wọ́n mọ́. Ẹnì kan lọ́jà ní kí n ra ámpílífáyà 3000 wọ́ọ̀tì, pé òun nìkan ló lè gbé wọn. Ẹlòmíì ní tòkúnbọ̀ Japan ló dára jù. Páálí síídì kan wà nílé, àpàlà, jùjú àti orin ìjọ ló kún inú rẹ̀, ẹ̀rọ DVD kan náà sì wà tí a kò lò mọ́. Ṣé ó pọn dandan kí n ra ẹ̀rọ síídì? Pálọ̀ mi kò ju mítà mẹ́rin sí márùn-ún lọ. Mo tún fẹ́ so sípíkà àtijọ́ tí bàbá àwọn ọmọ fi sílẹ̀ mọ́ ọn kí ohùn lè kún.
Ìyá Olùkọ́, Òṣogbo

Ẹ kú ilé o, mà. Ọmọ yín ṣe ẹ̀bùn gidi. Itòsí ibi tó ń gbé gan-an ni orúkọ sípíkà yẹn ti wá: odò Wharfe ń ṣàn kọjá ní àríwá Leeds, ní àfonífojì rẹ̀ sì ni Gilbert Briggs ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sípíkà ní 1932, nínú ilé ara rẹ̀ ní ìlú Ilkley. Lóde òní, China ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò yí padà.

Mà, mo bẹ̀ yín, ẹ má ra 3000 wọ́ọ̀tì yẹn. Ẹnu dùn-ún ròfọ́ ni. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí PMPO lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń polówó ọjà ni PMPO, kò sí ohun tí ẹ lè fi ṣe. RMS, ìyẹn iye wọ́ọ̀tì tòótọ́ tí ẹ̀rọ lè máa fún sípíkà láìdánu dúró, ni kí ẹ máa wá. Bí ọlọ́jà bá sì ń jiyàn, ẹ ní kó yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà síwájú yín. Ẹ ó rí àkọlé kékeré kan níbi tí wáyà iná ti wọlé: 220–240V, lẹ́yìn náà iye wọ́ọ̀tì tí ẹ̀rọ náà ń jẹ. Ọ̀kan wà lórí tábìlì mi báyìí tí wọ́n kọ 3000W gàdàgbà gadagba sí níwájú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní 60W. Níbo ni 2940 tó kù ti fẹ́ wá? Ẹ̀rọ kì í fi ohun tí kò gbà lọ́wọ́ iná fún sípíkà. Kódà nínú 60 yẹn, apá kan á di ooru lásán.

Ohun tó wà lẹ́yìn sípíkà yín gan-an ló máa sọ ohun tí ẹ ó rà. dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe lágbára tó; 86 dB túmọ̀ sí pé bí sípíkà náà bá gba nǹkan bíi wọ́ọ̀tì kan péré, tí ẹ sì dúró ní mítà kan síwájú rẹ̀, ohùn tó máa jáde á tó 86 dB. Ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ní pálọ̀ kì í ju nǹkan bíi 60 lọ, nítorí náà ohùn wọ́ọ̀tì kan yẹn kì í ṣe kékeré rárá. Wàyí o, nígbàkígbà tí wọ́ọ̀tì bá di ìlọ́po méjì, dB mẹ́ta péré ló ń gorí ohùn. Wọ́ọ̀tì méjì á gbé e dé 89, mẹ́rin á gbé e dé 92, mẹ́jọ dé 95, 16 dé 98, 32 dé 101. Ẹ ò ní lè fara da 101 pẹ́ ní pálọ̀ mítà mẹ́rin sí márùn-ún, àwọn ará ilé kejì náà ò sì ní gbà fún yín. Nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ orin ìjọ yín lówùúrọ̀, ó ṣeé ṣe kí gbogbo ohun tí sípíkà yẹn ń gbà má tó wọ́ọ̀tì kan.

Ṣé kí ẹ wá ra ẹ̀rọ wọ́ọ̀tì márùn-ún nìyẹn? Rárá o, àwọn síídì àpàlà yín ò ní jẹ́. Ohùn akọrin lè máa lo ìdajì wọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n bí ọ̀pá gángan bá ba awọ, ìṣẹ́jú àáyá kan kò ní tíì pé tí yóò fi béèrè ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ámpílífáyà kò bá ní in, ńṣe ló máa bẹ́ orí ìró yẹn dànù, ohùn á wá máa ya. Twítà ló ń jìyà rẹ̀, ìyẹn sípíkà róbótó kékeré tó wà lókè. Mo ti tú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ tó jóná. Wáyà tí wọ́n wé sínú rẹ̀ tín-ínrín bí irun orí. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí i pé ó ti dúdú, òórùn fáníìṣì tó jóná á sì ta sí yín nímú. Olówó rẹ̀ á máa lérí pé ẹ̀rọ òun kékeré ni, kò lè ba sípíkà jẹ́. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n yí dé òpin ló pa á. Nítorí náà, 40 sí 60 wọ́ọ̀tì RMS fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ wá. Iye yẹn á gbé ìlù, kò sì ní pa sípíkà yín bí ẹ kò bá ti yí i dé ibi tí ohùn ti ń ya.

Ẹ gbé e wò pẹ̀lú. Ámpílífáyà àtijọ́ tó jẹ́ olóòótọ́ máa ń wúwo nítorí tiransifọ́mà inú rẹ̀; èyí tó ní 50 wọ́ọ̀tì tòótọ́ kì í sábà fúyẹ́ ju kílò mẹ́fà lọ. Àwọn tuntun tí wọ́n ń pè ní Class D lè fúyẹ́ kí wọ́n sì dára, ẹ má fi ìwúwo nìkan dá wọn lẹ́jọ́.

Ní ti sípíkà bàbá àwọn ọmọ, mo mọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ máa gbọ́ wọn, àmọ́ ẹ má so wọ́n pọ̀ mọ́ Wharfedale lẹ́ẹ̀kan náà. Óòmù ni wọ́n fi ń wọn bí sípíkà ṣe ń dènà iná; bó bá ṣe kéré tó ni iná tó ń fà lára ámpílífáyà ṣe ń pọ̀ tó. Bí wọ́n bá jẹ́ óòmù mẹ́fà bíi tiyín, tí ẹ so méjèèjì mọ́ ojú kan náà, óòmù mẹ́ta ni ámpílífáyà máa rí. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n kọ ọ́ sí lẹ́yìn pé kò gbọ́dọ̀ dín sí mẹ́rin, àwọn mìíràn ní kò gbọ́dọ̀ dín sí mẹ́fà. Á gbóná, á máa kú fúnra rẹ̀, lọ́jọ́ kan kò ní jí mọ́. Ẹ ra èyí tó ní ojú A àti B, kí ẹ máa lo ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan: Wharfedale lónìí, ti bàbá lọ́la. Kí ẹ sì rí i pé ó gba óòmù mẹ́rin.

Tòkúnbọ̀ Japan ńkọ́? Iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára, mi ò lè purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n 100 fóòtì (V) ni iná ilé wọn, tiwa jẹ́ 230. Bí ẹ bá ti í bọ iná ní Òṣogbo láìsí tiransifọ́mà tó máa rẹ iná sílẹ̀, èéfín ló kàn. Ti Amẹ́ríkà náà kò yàtọ̀, 120 ni tiwọn. Ẹ kà á lẹ́yìn ẹ̀rọ kí ẹ tó sanwó.

Èyí tí èmi ì bá ṣe ni pé kí n pe ọmọ yín. Ní Leeds, iná wọn jẹ́ 230 fóòtì bíi tiwa, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan náà ni a sì jọ ń lò. Kó wá ámpílífáyà àlòkù kan fún yín níbẹ̀, NAD, Rotel, Marantz tàbí Cambridge Audio. NAD 3020 tó jáde ní 1978, 20 wọ́ọ̀tì péré ni wọ́n kọ sí i, síbẹ̀ káàkiri àgbáyé ni àwọn tó fẹ́ràn orin ti ń yìn ín títí di òní. Ogún olóòótọ́ nìyẹn. Kí ó tan án, kó má fi orin sí i, kó gbé etí sún mọ́ sípíkà: bí ó bá ń kùn ṣáá, kápásítọ̀ rẹ̀ ti ń kú, kó fi í sílẹ̀. Bí bọ́tìnì ohùn bá kàn ń ta pàrà-pàrà nígbà tó bá ń yí i, eruku ni, ìyẹn kì í ṣe àìsàn.

Bí ẹ bá ń lo ínfátà nílé, kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n kọ pure sine wave sí. Iná tó ń jáde nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú máa ń mú kí tiransifọ́mà ámpílífáyà kùn. Bí iná ìjọba bá lọ, ẹ pa ámpílífáyà. Bó bá sì dé, ẹ jẹ́ kó fìdí múlẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó tún un tàn.

Ó ku síídì. Ẹ má ra nǹkan kan ná, mà. DVD yín tó jókòó lásán yẹn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ojú pupa àti funfun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi wáyà so wọ́n mọ́ ojú tí wọ́n kọ CD tàbí AUX sí lára ámpílífáyà. Ẹ má fi sí PHONO láé: ti ẹ̀rọ àwo dúdú nìyẹn, ohùn á bú gbàmù, á sì dàrú. Ìyàtọ̀ ohùn láàárín DVD tó yè kooro àti ẹ̀rọ síídì olówó ńlá kéré púpọ̀ sí ìyàtọ̀ tí ámpílífáyà gidi máa ṣe, nítorí náà ibẹ̀ ni kí owó lọ. Bí àyè bá wá gbà lẹ́yìn náà, ẹ mú síídì ti ara yín dání lọ sọ́jà. Láti àárín ni ẹ̀rọ ti ń ka síídì bọ̀ wá sí etí. Kí ẹ fi èyí tó gùn sí i, kí ẹ fò láti orin kìíní sí èyí tó kẹ́yìn. Bí ó bá ń wá a kiri, tó ń gbó tìkì-tìkì, ojú lẹ́ńsì rẹ̀ ti rẹ̀. Kí ẹ tún fi ọ̀kan tí wọ́n dà kọ nílé sí i, torí àwọn ẹ̀rọ síídì ayé àtijọ́ mìíràn kì í lè ka irú ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Peckham ni mo wà. Láti ìgbà tí mo ti kó dé ilé tuntun, béèsì sípíkà mi ti pòórá. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ní wáyà olówó ńlá ni mo nílò. Ṣé òótọ́ ni?
Àbúrò yín, London

Àbúrò, fi owó rẹ sápò ná. Béèsì tó wà tẹ́lẹ̀ tó wá lọ lẹ́yìn ìkóẹrù, wáyà tí wọ́n so lódì ni mo kọ́kọ́ fura sí. Bí pupa ámpílífáyà bá lọ sí dúdú sípíkà kan, bí ọ̀kan bá ń ti afẹ́fẹ́ síta, ìkejì á máa fà á wọlé, béèsì méjèèjì á sì pa ara wọn. Pa ámpílífáyà, yọ wáyà ẹ̀yìn rẹ̀, kí o sì yọ aṣọ ojú sípíkà. Mú bátìrì 1.5 fóòtì, fi orí rẹ̀ kan wáyà tó yẹ kó wọ ojú pupa, kí ìdí rẹ̀ kan ìkejì, fìrí báyìí. Kóònù sípíkà ńlá yẹn gbọ́dọ̀ fò jáde síwájú. Èyí tó bá wọlé nínú méjèèjì, òun ni kí o yí wáyà rẹ̀ padà.

Ní ti wáyà fúnra rẹ̀, bàbà gidi tó jẹ́ 2.5 mm² tó fún ilé ẹnikẹ́ni tí wáyà rẹ̀ kò bá ju mítà mẹ́wàá lọ. Fi ọ̀bẹ ha á wò kí o tó rà á: bí funfun bá yọ lábẹ́ àwọ̀ bàbà, alumíníọ̀mù ni wọ́n kùn.