Kóńgò mélòó ló wà nínú báàgì ìrẹsì kan? Ẹ má tíì bá àbúrò yín jà

Àǹtí mi ní Leeds, ẹ kú ìtọ́jú ìyá, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bá àbúrò yín jà. Ohun tẹ́ ẹ sọ ni pé ẹ fowó báàgì ìrẹsì 50kg ránṣẹ́ sí i n'Íjẹ̀bú-Òde kó fi ra oúnjẹ fún Màmá, ó ní kóńgò 33 ló jẹ́ nígbà tóun wọ̀n ọ́n, ọ̀rẹ́ yín tó wà n'Íbàdàn wá ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé 38 ni tòun, ọkàn yín ò wá balẹ̀ mọ́, ẹ ń rò ó pé bóyá ó ti bu kóńgò márùn-ún sápá kan. Tó bá jẹ́ gbogbo ohun tó wà ńlẹ̀ nìyẹn, àwọn méjèèjì lè máa sọ òótọ́.

Abọ́ ni kóńgò, kì í ṣe kílò. Kóńgò ìrẹsì tó ga dáadáa máa ń tó kílò kan ààbọ̀, èyí tí ò ga lè má ju 1.3 lọ. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: 33 lọ́nà 1.5 jẹ́ 49.5, 38 lọ́nà 1.3 jẹ́ 49.4. Báàgì kan náà ni o! Abọ́ ló yàtọ̀, àti ọwọ́ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n.

Ọwọ́ yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Tẹ́ ẹ bá dúró ti ìyá kan tó ń ta ìrẹsì ní Bódìjà, ẹ ó rí i pé á ki kóńgò bọ inú báàgì, á gbé e jáde, á fọwọ́ òsì ká a létí kí ìrẹsì má baà dà nù, á wá máa fọwọ́ ọ̀tún bù lé e títí táá fi ga ṣóńṣó, èyí tó jókòó sókè etí abọ́ yẹn kì í ṣe kékeré rárá. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé abọ́ gan-an ni wọ́n fi ń rẹ́ni jẹ, wọ́n á ti lu ìdí ẹ̀ wọnú tàbí kí wọ́n fi iná sun ike ẹ̀ kó lè sún kì, tẹ́ ẹ bá wò ó lóòkán, kóńgò náà lẹ máa rí. Ìdí nìyẹn táwọn tó mọjà ná fi máa ń tọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á fọwọ́ pa ìdí ẹ̀ wò kí wọ́n tó ní kí ẹnikẹ́ni wọn nǹkan fáwọn, tó bá tán wọ́n á tún gba èènì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Leeds ò lè fọwọ́ pa ìdí kóńgò, kílò nìkan lẹ lè gbára lé.

Torí náà, ẹ ní kí àbúrò yín fi kóńgò tó lò yẹn wọn ìrẹsì kan sínú náílọ́ọ̀nù, bó ṣe wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ náà gẹ́lẹ́, kó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹja òtútù ládùúgbò, àwọn yẹn máa ń ní síkéèlì, kó gbé e lé e, kó ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ fi iye tí síkéèlì bá sọ pín 50, iye kóńgò tó yẹ kó wà nínú báàgì nìyẹn. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ mọ iye kílò tí Màmá ń jẹ lóṣù kẹ́ ẹ lè mọ bí ẹ ó ṣe máa ṣètò owó, òótọ́ ṣáà ni, kò sì ní dà bíi pé ẹ ń ṣọ́ ọ.

Tó bá jẹ́ 1.5 ni síkéèlì sọ, ọ̀rọ̀ tán. Tó bá jẹ́ 1.3, kóńgò 33 á jẹ́ kílò 43 ó dín díẹ̀, á jẹ́ pé kílò méje sọnù nìyẹn. Síbẹ̀ náà, ìsọ̀ tó ti rà á ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè, torí àwọn kan máa ń tú báàgì, wọ́n á bu díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á tún un rán. Nígbà míì, kó ya fọ́tò ojú ìránṣọ báàgì kó tó tú u, ti ẹ̀rọ máa ń gún régé, ti ọwọ́ kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin míì tó jẹ́ Èkó lẹ ń fowó ránṣẹ́ sí, dẹ́ríkà àti pénta lẹ máa gbọ́. Agolo tòmátò ńlá yẹn ni dẹ́ríkà, ìrẹsì tó bá kún un dáadáa máa ń lọ sí bíi gíráàmù 900, ike ọ̀dà onílítà mẹ́rin ni pénta, dẹ́ríkà mẹ́rin ni wọ́n sì sábà máa ń kà sí pénta kan, báàgì 50kg kan á wá jẹ́ bíi dẹ́ríkà 55, tàbí bíi pénta 14.

Ẹ má fi ìṣirò ìrẹsì ra gààrí o! Gààrí fúyẹ́, kóńgò kan náà ò ní wọ̀n tó ti ìrẹsì. Àpò ìrẹsì ni wọ́n sì sábà máa ń rọ ọ́ sí, 50kg tí wọ́n kọ sára ẹ̀ kì í ṣe ti gààrí, wọ́n á tún bù ú ga kọjá ẹnu àpò kí wọ́n tó rán an. Ẹ bi wọ́n ní kóńgò mélòó ló wọ̀ ọ́. Èlùbọ́ náà ńkọ́, tí wọ́n bá gbọn abọ́ pẹ́nrẹ́n báyìí, á lọ sílẹ̀, ẹni tó bá gbọ̀n ọ́n kó tó bù kún un ló wọ̀n ọ́n fún yín dáadáa.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí tẹ́ ẹ máa ń fi jákà ránṣẹ́ sílé tí Ramadan bá ń parí lọ, sáà kan ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, mùdù mẹ́rin ló wà nínú sáà, mùdù kan sì ni ìkúnwọ́ méjèèjì ọkùnrin tí ò tóbi jù tí ò sì kéré jù. Àwọn àlùfáà sábà máa ń kà á sí kílò méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta, kóńgò ìrẹsì méjì tó jẹ́ 1.5 ti pé mẹ́ta yẹn.

Ti epo pupa tẹ́ ẹ tún béèrè, ẹ má fi gálọ́ọ̀nù bá wọn sọ̀rọ̀ rárá. Gálọ́ọ̀nù ti ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀ jẹ́ lítà 4.546, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 3.785, nílé níbí ike onílítà mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ̀pọ̀ èèyàn ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ pé lítà. Kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò onílítà 25 yẹn jẹ́ gálọ́ọ̀nù yín márùn-ún ààbọ̀, ìgò bíà 60cl bíi 42, ìgò wáìnì 75cl bíi 33. Tí wọ́n bá gbé e lé síkéèlì tí ò pé kílò 25, kò túmọ̀ sí pé wọ́n bù níbẹ̀, epo fúyẹ́ ju omi lọ, lítà 25 ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju kílò 23 lọ, yàtọ̀ sí kẹ́ẹ̀gì fúnra ẹ̀.

Tí fọ́tò síkéèlì yẹn bá ti dé, ẹ sọ iye tó wà lójú ẹ̀ fún wa níbí, ká jọ ṣírò ẹ̀.