Ẹ Bi Wá: Kí ni kọ́ńfọ́ì wà fún gan-an?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Kọ́ńfọ́ì gómìnà la mọ̀ níbí, èyí tó ń lé ọlọ́kọ̀ wọ igbó. Ọmọ mi ní wọ́n kọ́ àwọn pé ọkọ̀ ojú omi náà rìn ní kọ́ńfọ́ì nígbà ogun Hitler. Tí ọgbọ̀n ọkọ̀ bá jọ ń lọ, ṣé ọ̀tá ò ní tètè rí wọn ni? (Ìyá oníṣòwò kan, Iléṣà)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ẹnu bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, torí ìdí iná ọkọ̀ akẹ́rù ló ti ṣiṣẹ́ nígbà ogun náà. Wọ́n á kó ekùrọ́ àti ẹ̀pà, wọ́n á lọ dúró ní Freetown títí àwọn yòókù á fi pé, kí ọkọ̀ ogun tó sìn wọ́n lọ sí Liverpool.

Òkun fẹ̀ púpọ̀, ìyá. Bí ọgbọ̀n ọkọ̀ bá ń dá rìn, ọgbọ̀n ojú ibi ni ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì ti lè ṣe kòńgẹ́ wọn. Bí wọ́n bá jọ rìn, ojú kan ni gbogbo wọn wà. Ọ̀tá lè wá wọn títí kó má kàn wọ́n. Tó bá sì kàn wọ́n, ó bá ọkọ̀ ogun níbẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ò tètè gbà bẹ́ẹ̀ nígbà ogun àgbáyé kìíní. Ọdún 1917, tí ọkọ̀ ti rì lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ni wọ́n tó mú un lò dáadáa.

Ewu ṣì wà o. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1942, ọkọ̀ 37 ló gbéra ní Freetown nínú kọ́ńfọ́ì tí wọ́n ń pè ní SL 125. 12 ló rì. Lóṣù yẹn kan náà, Abosso, ọkọ̀ èrò ilé iṣẹ́ Elder Dempster tó máa ń ná Èkó kí ogun tó dé, dá ń bọ̀ láti Cape Town. Ọ̀tá kọlù ú, ó rì, ó sì gbé èèyàn tó lé ní 300 lọ.

Ẹni tó lọ́ra jù ni gbogbo wọn ń bá rìn, àmọ́ ẹni tó bá já sẹ́yìn, wọn kì í sábà dúró dè é. Ohun tó ń ba bàbá mi lẹ́rù nìyẹn. Bí èédú bá kéré nínú iná, ọkọ̀ á já. Bó bá sì da púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, èéfín dúdú á yọ, á tú àṣírí gbogbo wọn. Ọkọ̀ aṣáájú á ta àsíá láti bá wọn wí. Nítorí náà, ìdajì ṣọ́bìrì ni, á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, á dúró wo iná náà, á tún bu ìdajì mìíràn, títí ilẹ̀ á fi mọ́.