Ilé ẹyin ewúrẹ́ láti Láfẹ́nwá: èsì fún àbúrò tó fẹ́ ṣèwádìí họ́mónù

Àbúrò mi, o ní o ti gba máàsítà nínú bayokẹ́místìrì, pé ọkàn rẹ fà sí bí họ́mónù ṣe ń darí ilé ọmọ. O wá béèrè bóyá ènìyàn lè ṣe irú iṣẹ́ yìí l'Abẹ́òkúta, àbí kó o kúkú jápa. Mo ti wà nídìí ẹ̀ láti ọdún 2009. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ohun kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nídìí ẹ̀, mo sì fẹ́ kó o gbọ́ ọ kó o tó ná kọ́bọ̀.

Kì í ṣe iná. Iná ń dunni lóòótọ́: lọ́dún 2013 wọ́n múná lọ fún ọjọ́ mẹ́rin, díísù tán nínú jẹnẹrétọ̀, ohun tí mo kó pamọ́ sínú fírísà fún ọdún kan àbọ̀ yọ́ tán. Mo jókòó sílẹ̀ nínú láàbù, mo sunkún. Àmọ́ ohun tí iná bá bà jẹ́, ojú rẹ á rí i pé ó ti bà jẹ́. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi rò pé ó dáa.

Họ́mónù dà bí àrokò ayé àtijọ́. Gbogbo ẹni tó bá pàdé ìránṣẹ́ lọ́nà ló lè rí owó ẹyọ àti ìyẹ́ tí wọ́n so pọ̀, ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí nìkan ló lè tú u. Rìsẹ́ptọ̀ ni ẹni tó ń tú u yẹn. Elwood Jensen ló fi èyí hàn ní Chicago níparí àwọn ọdún 1950: wọ́n fi tritium, irú háídírójìn kan tó ń tan ìtànṣán, sàmì sí estradiol, ọ̀kan nínú àwọn họ́mónù obìnrin tí wọ́n ń pè ní ẹ̀sítírójìn, wọ́n gún un fún àwọn ọmọ eku, ẹ̀jẹ̀ gbé e kiri gbogbo ara, àmọ́ ilé ọmọ dì í mú, kò sì yí i padà sí nǹkan mìíràn. Lọ́dún 1996 ni àwọn ọmọ láàbù Jan-Åke Gustafsson ní Sweden rí rìsẹ́ptọ̀ ẹ̀sítírójìn kejì, tí wọ́n ń pè ní ERβ. Òun ni mo dì mọ́. Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń pọ̀ sí i tàbí dín kù nínú ilé ẹyin nígbà tí ewúrẹ́ bá ń wá akọ.

Agogo márùn-ún àbọ̀ ìdájí ni mo máa ń dé ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran ní Láfẹ́nwá, èmi àti kúlà oníyìnyín mi. Àwọn alápatà kọ́kọ́ rò pé oògùn ni mo fẹ́ fi ṣe. Lọ́jọ́ kan mo la ilé ẹyin kan lójú ọ̀kan nínú wọn, mo ní, “Ẹ wo ibi tó wú síta yìí. Ibẹ̀ ni ẹyin ti jáde, òun ló ń ṣe họ́mónù tó ń gbé oyún dúró.” Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò sọ̀rọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, òun fúnra ẹ̀ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀ sínú ọ̀rá: “Àǹtí, èyí ti yọ ẹyin o.” Mi ò rí irú olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Áńtíbọ́dì ni èròjà tó yẹ kó lẹ̀ mọ́ purotéènì kan ṣoṣo, kó sì fi í hàn. Èyí tí mo fi ń wá ERβ gba owó oṣù mi tó oṣù méjì. Nígbà tí mo fi jẹ́ẹ̀lì ya àwọn purotéènì ilé ẹyin sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó fún mi ní ìlà dúdú tó mọ́ kedere, níbi tó yẹ kó wà gan-an. Inú mi dùn. Mo kọ gbogbo rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí jọ́nà kan.

Lọ́dún 2017 ni mo ka iṣẹ́ kan nínú Nature Communications: wọ́n yẹ áńtíbọ́dì ERβ 13 wò, ẹyọ kan péré ló ń dá ERβ mọ̀ lóòótọ́. Tèmi kì í ṣe ẹyọ kan yẹn. Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo gba iṣan itan ewúrẹ́ kan náà, mo gbé e sórí jẹ́ẹ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹyin rẹ̀. PCR, ọ̀nà tí a fi ń wá RNA, ìyẹn iṣẹ́ tí ara ń jẹ́ kó tó ṣe purotéènì, kò rí RNA ERβ kankan nínú iṣan yẹn, síbẹ̀ ìlà dúdú náà yọ, ó nípọn bákan náà. Ohun mìíràn ni mo ti ń wọ̀n fún ọdún mẹ́ta.

Ọ̀gá kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi sílẹ̀, pé kò sẹ́ni tó máa béèrè. Mo kọ̀wé sí jọ́nà, mo ní kí wọ́n yọ ìwé ìwádìí mi kúrò. Ìgbéga tí mo ń retí lọ́dún náà sì bọ́. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ, àmọ́ mi ò kábàámọ̀ ẹ̀. Dókítà kan lè ka irú ìwé yẹn kó sì gbé ìtọ́jú obìnrin tó ń wá ọmọ lé e lórí.

Nítorí náà, RNA ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Gé ilé ẹyin wẹ́wẹ́ sínú omi ìpamọ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti pa ẹran náà, má dúró de fírísà. Áńtíbọ́dì ni kó o rà kẹ́yìn, kó o sì dán an wò lára ohun tí kò yẹ kó rí nǹkan kan nínú ẹ̀. Bí ọ̀nà àtilọ bá là, lọ, àmọ́ àṣìṣe tèmi yìí, àwọn tó ní iná ọ̀sán àti òru náà ṣe é.

Bí o bá ti mú áńtíbọ́dì tó o fẹ́ rà, kọ nọ́ńbà rẹ̀ síbí kó o tó sanwó. Mo ní iṣan ewúrẹ́ nílẹ̀, a ó jọ dán an wò.