Ìsọ̀yè wo ló dára fún akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni mí níbí ní Òṣogbo, ìdánwò ńlá wa tí wọ́n ń pè ní Second MB ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ka ìwé anátọ́mì (ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara) já, síbẹ̀ ńṣe ló ń fò lọ lórí mi. Ẹnì kan ní kí n máa fi ìsọ̀yè oníyẹ̀fun mu ẹ̀kọ, ẹlòmíràn ní tramadol lòun ń lò. Èwo ló dára jù, báwo ni mo ṣe máa lò ó?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kò sí èyí tó dára nínú méjèèjì. Má fi ìkankan sẹ́nu. Oògùn ìrora ni tramadol. Ó máa ń di bárakú, ó sì lè fa gìrì fún ẹni tí kò ní wárápá rí.

Ọ̀rọ̀ ìsọ̀yè ni mo fẹ́ dúró lé, nítorí lemọ́lemọ́ ni wọ́n ń bi mí, àwọn òbí pàápàá ń rà á fún ọmọ. Ẹni tó ń tà á á ní òun làwọn babaláwo fi ń rántí ẹsẹ Ifá. Ó dáa, wo bí ọmọ awo ṣe ń kọ́ Ifá. Odù 256 ló wà, ojú odù 16 àti ọmọ odù 240, ẹsẹ sì pọ̀ lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Olúwo á pe ẹsẹ, ọmọ awo á pè é tẹ̀lé e. Tó bá dọ̀la, wọ́n á ní kó dá a pè. Ibi tó bá ti ṣì í, wọ́n á tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jẹ ìsọ̀yè o, kò jẹ ìsọ̀yè o, kò sí olúwo tó máa ní kó má pe Ifá mọ́. Ilé kéú náà ńkọ́? Ọmọ gbọ́dọ̀ ka ohun tó wà lára wàláà fún ààfáà láìwò ó kó tó fọ̀ ọ́. Pípè é padà láìwòwé ló ń ṣiṣẹ́, ìyẹ̀fun kọ́.

Ìyẹ̀fun tí kò ní àkọlé, ẹni tó tà á fún ọ gan-an lè má mọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ ló sì lè jìyà rẹ̀. Tó bá jẹ́ ti gbẹ́rẹ́, abẹ tí wọ́n ti fi sín gbẹ́rẹ́ fún ẹlòmíràn lè kó hepatitis B tàbí HIV ràn ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kò yẹ lẹ́ni tí à ń sọ èyí fún.

O ní ìwé ń fò lọ. Kò tíì wọlé ni. Kíkà lẹ́ẹ̀mẹta á jẹ́ kí ojú rẹ dá ojú-ìwé mọ̀, wàá sì rò pé o ti mọ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìdánwò ò ní ṣí ìwé fún ọ. Nítorí náà, ka ìpín kan, bí ojú-ìwé mẹ́ta sí márùn-ún, pa ìwé dé, mú pépà òfìfo, kọ ohun tí o rántí, ya àwòrán rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí o ṣí ìwé, kí o fi bíró pupa tún ibi tó kù ṣe. Ó máa nira, ìjákulẹ̀ á sì pọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sá padà sídìí kíkà. Má sá. Tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ nípa ìrántí ará Jámánì, fi ara rẹ̀ dán an wò, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1885: ju ìdajì àwọn ọ̀rọ̀ aláìnítumọ̀ tó há sórí ló ti lọ láàárín ọjọ́ kan.

Gbólóhùn ìrántí wúlò, ṣùgbọ́n fún orúkọ tó gbọ́dọ̀ tò tẹ̀léra nìkan. Fún egungun ọrùn ọwọ́ mẹ́jọ, bẹ̀rẹ̀ láti ìhà àtàǹpàkò, kí lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún egungun kan: *Súlè lọ ta pákí, Tọ́pẹ́ tún kó hílàhílo.* Ìlà tó sún mọ́ apá ni scaphoid, lunate, triquetrum, pisiform. Èyí tó tẹ̀lé e, láti ìhà àtàǹpàkò kan náà, ni trapezium, trapezoid, capitate (ohùn K ni kí o gbọ́), hamate. Ibi tó ti ń dojú rú ni T mẹ́ta yẹn. Di èyí mú: trapezium ló gbé àtàǹpàkò. Fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ ara rẹ bí o ṣe ń pè é, kí o sì di egungun gidi mú, torí ní steeplechase (ìdánwò tí wọ́n ti ń sún láti ìdí ẹ̀yà ara kan sí òmíràn bí aago bá ti dún), aago á dún kí o tó ka Súlè dé Tọ́pẹ́. Tí olùdánwò bá sì bi ọ́ ìdí tí scaphoid tó kán kì í fi í tètè jinná, Súlè ò lè gbà ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń gba ìhà ìka wọ inú rẹ̀. Tó bá kán láàárín, ìhà rẹ̀ tó sún mọ́ apá lè kú.

TDB, ìyẹn kíkàwé títí ilẹ̀ á fi mọ́, ńkọ́? Jáwọ́. Ojú oorun ni ọpọlọ ti ń fẹsẹ̀ ohun tí o kọ́ múlẹ̀. Obì gbàǹja àti kọfí ní káféènì, ó sì tó nǹkan bíi wákàtí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára, nítorí náà má fẹnu kàn án lẹ́yìn ọ̀sán.

Ìmọ̀ràn fún gbogbo ènìyàn nìyí, kò rọ́pò àyẹ̀wò. Bí o bá ń gbàgbé ọ̀rọ̀ àná tàbí ibi tí o kó kọ́kọ́rọ́ sí, tí ó ń rẹ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà, lọ sílé ìwòsàn. Bí o bá sì ti ń lo tramadol lójoojúmọ́, má dá a dúró lójijì. Sọ òótọ́ fún dókítà, yóò bá ọ dín in kù díẹ̀díẹ̀.