Yọ setInsecure kúrò ná, kó o tó bi mí pé cloud wo ló dáa

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi ESP32 (bọ́ọ̀dù kékeré tó ní Wi-Fi) ṣe ẹ̀rọ kan tó ń wo bí omi ṣe kún tó nínú táǹkì, MQTT (ọ̀nà táwọn ẹ̀rọ kékeré fi ń ránṣẹ́) ló fi ń bá cloud sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lo port 8883 (ẹnu ọ̀nà tí MQTT ti ń di ọ̀rọ̀ ní àdììtú) ó kọ̀ jálẹ̀, àfìgbà tí mo fi setInsecure sínú kóòdù ẹ̀, ló bá wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo fẹ́ ṣe 50 báyìí, sátífíkéètì kan náà ni mo fẹ́ kó sínú gbogbo wọn kó lè yá. Cloud wo lẹ rò pé ààbò ẹ̀ dáa jù?

Ìdáhùn: Àbúrò, o kú iṣẹ́. Mi ò ní sọ cloud kankan fún ẹ, torí ibẹ̀ kọ́ ló ti ń jò. AWS IoT Core o, Azure IoT Hub o, sáfà Mosquitto tó o gbé kalẹ̀ fúnra ẹ o, gbogbo wọn ló ní àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà tìẹ lo ṣí sílẹ̀ gbayawu. setInsecure yìí ti sú mi, ẹnì kan á kọ ọ́ síbì kan pé ó ṣiṣẹ́ fóun, ogún èèyàn á dà á kọ, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ orúkọ náà ti sọ ara ẹ̀.

Tí mo bá ní kí wọ́n yọ ọ́, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ: "Ṣebí 8883 ni mo lò, TLS wà níbẹ̀, data mi ti di àdììtú." Òótọ́ ni, ó ti di àdììtú. Àdììtú láàárín ìwọ àti ta ni? Kí TLS tó bẹ̀rẹ̀ sí í di ọ̀rọ̀, ó yẹ kó kọ́kọ́ gba sátífíkéètì lọ́wọ́ sáfà, ìyẹn ìwé tó ń sọ pé orúkọ báyìí ló ni kọ́kọ́rọ́ báyìí, kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹni tó ò ń wá gan-an nìyí. Àyẹ̀wò yẹn ni setInsecure pa. Bọ́ọ̀dù ẹ á ṣì máa di ọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti dáhùn pé "èmi rèé" ló máa gbé e fún.

Mo ṣe é fún ẹnì kan lójú ara ẹ̀ rí. Mo fi láptọ́ọ̀pù mi ṣe hotspot, mo fún un ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi tí bọ́ọ̀dù ẹ̀ mọ̀, mo darí orúkọ sáfà ẹ̀ sọ́dọ̀ ara mi nínú DNS (ohun tó ń sọ ibi tí orúkọ kọ̀ọ̀kan wà), mo fi openssl ṣe sátífíkéètì ayédèrú kan, ká sòótọ́ iṣẹ́ kékeré ni. Bọ́ọ̀dù yẹn tàn, ó wọlé, username rèé, ọ̀rọ̀ aṣínà rèé, wọ́n tò sójú skíríìnì mi. Ó ní "ṣùgbọ́n TLS wà níbẹ̀ o". Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, èmi ló bá dì í.

Tó bá jẹ́ sátífíkéètì ni tìẹ fi ń wọlé dípò ọ̀rọ̀ aṣínà, kọ́kọ́rọ́ ẹ ò ní jáde báyẹn, mo gbà, àmọ́ ayédèrú sáfà ṣì lè pàṣẹ fún un. Lọ́jọ́ tó o bá so pọ́ǹpù mọ́ táǹkì yẹn, ẹlòmíì ló máa máa tàn án.

Ìdí tó fi kọ̀ níjọ́sí ò le rárá: ó jọ pé o ò fún un ní root CA ni, ìyẹn sátífíkéètì àwọn tó ń fọwọ́ sí sátífíkéètì àwọn ẹlòmíì. Fóònù àti kọ̀ǹpútà máa ń bá àkójọ àwọn tí wọ́n gbà gbọ́ wá látilé, kóòdù tìẹ ò ní ẹyọ kan. Ó rí sátífíkéètì, kò mọ ẹni tó fọwọ́ sí i, ó kọ̀. Ohun tó yẹ kó ṣe gan-an ló ṣe yẹn, ìwọ wá dí i lójú. Fi setCACert rọ́pò ẹ̀, kó o lẹ Amazon Root CA 1 síbẹ̀ tó bá jẹ́ AWS, tàbí ISRG Root X1 tó bá jẹ́ sátífíkéètì Let's Encrypt (àwọn kan tó ń fọwọ́ sí sátífíkéètì) ni sáfà ẹ ń lò. Root ni mo sọ o, má lẹ sátífíkéètì sáfà fúnra ẹ̀, ti Let's Encrypt kì í lò ju 90 ọjọ́ lọ. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo ESP8266, ẹ fi configTime gba aago kẹ́ ẹ tó wọlé, torí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, 1970 ló rò pé a wà, sátífíkéètì tí wọ́n ṣe lọ́dún tó kọjá ò tíì dáyé lójú ẹ̀.) Fi ọ̀nà sílẹ̀ tó o máa lè gbà pààrọ̀ root yẹn látòkèèrè náà. Ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 tí DST Root CA X3, root tí Let's Encrypt ń lò tẹ́lẹ̀, parí, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ tí kò sẹ́ni tó lè ṣe update wọn ló dákẹ́.

Ti sátífíkéètì kan fún 50: má dán an wò. Ẹni tó bá ra ẹyọ kan á ki USB bọ̀ ọ́, á fi esptool ka flash ẹ̀ (ibi tí kóòdù àti kọ́kọ́rọ́ wà) jáde, á wá BEGIN PRIVATE KEY, ibi tí kọ́kọ́rọ́ àṣírí ti bẹ̀rẹ̀, nínú ẹ̀, ó ti di kọ́kọ́rọ́ àádọ́ta ilé nìyẹn. Tó o bá sì ní kó o fagi lé e, gbogbo 50 ló máa kú pa pọ̀. Irú ẹ̀ ló jẹ́ kí Mirai, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan, rí kámẹ́rà àti router kó bí ẹní kó ẹ̀pà ní 2016, ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà ni wọ́n ti kó sínú wọn látilé iṣẹ́. Kálukú ní kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀, client ID tiẹ̀ (méjì tó bá ń jẹ́ ID kan náà, wọ́n á máa lé ara wọn jáde ni), kí policy ẹ̀ (àṣẹ ohun tó lè ṣe) sì mọ sórí topic tiẹ̀ (orúkọ tó ń fi ránṣẹ́ sí) nìkan.

Flash encryption (tó ń di flash ní àdììtú) àti Secure Boot (tí kì í gba kóòdù tó ò fọwọ́ sí) náà wà fún ESP32, wọ́n dáa, àmọ́ eFuse, fíúsì inú chip, ni wọ́n ń jó, tó bá ti jó kò sí àtúnṣe. Bọ́ọ̀dù kan tó ò ń fẹ́ jù nù ni kó o fi kọ́ ọ, má wá bá mi lọ́jọ́ kejì. Mi ò sì tíì rí kóòdù ẹ o, ohun tó o kọ ni mo fi dáhùn, tó bá tún kọ̀ lẹ́yìn setCACert, da gbogbo ohun tí serial monitor ń kọ síbí, kó o rí i pé o ti yọ private key kúrò nínú ẹ̀, torí ẹnì kan ti fi tiẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lódindi lọ́sẹ̀ tó kọjá.