Wọ́n Dá Ilé Kíkọ́ Dúró Ládùúgbò Wa: Ṣé Ilẹ̀ Mi Ti Lọ Nìyẹn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo ra púlọ́ọ̀tì kan lẹ́bàá odò, lápá Láfẹ́nwá, l'Abẹ́òkúta. Mo ti gba àpúrúfù, fáńdéṣọ̀n sì ti jókòó. Lóṣù tó kọjá, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé níbẹ̀ fún oṣù 6, títí wọn yóò fi tún pláànù àdúgbò yà. Bíríkìlà mi ní ká máa fi òru kọ́ ọ. Ṣé wọ́n ti gba ilẹ̀ mi nìyẹn? Ta ni yóò san owó sìmẹ́ǹtì mi tó ń bàjẹ́? (Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú)

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà, ẹ̀yin ìyá wa. Rárá, ilẹ̀ yín kò tíì lọ. Kí ìjọba tó gba ilẹ̀, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ní kí gómìnà fagi lé ẹ̀tọ́ yín nítorí àǹfààní ará ìlú, kí wọ́n sì fún yín ní ìwé. Abala 44 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 sì ní kí owó gbà-má-bínú tẹ̀lé e kíákíá. Ìwé ara ògiri yẹn kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó kàn ní kí ẹ dúró ná ni.

Ẹni tó bá ti rí odò Sokori nígbà òjò á mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Bí a bá ń ya ojú gọ́tà lọ́wọ́, tí àwọn èèyàn sì ń gbé ilé dìde lórí ibẹ̀, kí bírò tó kúrò lórí ìwé, gọ́tà ti gba inú pálọ̀ ẹnìkan kọjá. Ìpínlẹ̀ ló sì lágbára lórí ètò ìlú. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti dá a bẹ́ẹ̀ ní 2003, nínú ẹjọ́ Èkó pẹ̀lú ìjọba àpapọ̀.

Ọjọ́ tó wà lára ìwé yín ló ṣe pàtàkì báyìí. Ẹ ya fọ́tò ìkéde náà. Ẹ wo ibi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí, ẹni tó buwọ́ lù ú, àti ohun tó yọ sílẹ̀. Nígbà mìíràn, àpúrúfù tuntun nìkan ni wọ́n ń dá dúró, tiyín tó ti wà tẹ́lẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n "kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé" le, ẹ má méfò. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ fi ẹ̀dà àpúrúfù, ìwé sọ́fè àti fọ́tò fáńdéṣọ̀n tì í, ẹ gbé e lọ sí sẹkitéríátì ní Òkè-Mosán, kí ẹ béèrè bóyá ẹ lè tẹ̀ síwájú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ "a ti gbà á" sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu òṣìṣẹ́ kan lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe ìdáhùn.

Ní ti bíríkìlà: ilé tí wọ́n fi òru kọ́, ọ̀sán gangan ni wọ́n ń wó o. Owó iṣẹ́ rẹ̀ á sì ti wọ àpò rẹ̀ nígbà náà.

Ohun tó ń kọ èmi lóminú gan-an ni àlàfo ẹ̀bá odò, ìyẹn àyè tí wọn kì í jẹ́ kí èèyàn kọ́lé sí létí odò. Bí pláànù tuntun bá fẹ̀ ẹ́ sí i, ìdajì fáńdéṣọ̀n yín lè bọ́ sínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ nísinsìnyí. Bó bá wá di gbígba ilẹ̀, abala 29 òfin 1978 ń san owó ilé àti ohun tí ẹ kọ́ sórí ilẹ̀. Ilẹ̀ lásán, owó ìṣákọ́lẹ̀ tí ẹ san lọ́dún tí wọ́n gbà á nìkan ni. Èyí tí ẹ bá kọ́ lẹ́yìn ìkéde, láìgbàṣẹ, ẹ gbé e sọ́rùn ara yín.

Sìmẹ́ǹtì ńkọ́? Kò sẹ́ni tó máa san án, mi ò ní tàn yín. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, níbi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ onílẹ̀ ti le, wọ́n dá ilé kíkọ́ dúró lágbègbè adágún Tahoe fún oṣù 32. Nígbà tó di 2002, ilé-ẹjọ́ wọn tó ga jùlọ ní dídá dúró lásán kò túmọ̀ sí pé ìjọba gba ilẹ̀ àwọn onílẹ̀. Ẹ ta sìmẹ́ǹtì tó kù fún ẹni tó ń kọ́lé níbòmíràn, kí ẹ sì fi omi sìmẹ́ǹtì kun àwọn irin tó yọrí síta kí ó má baà dípẹtà.

Àwọn kan á wá bá yín, wọ́n á ní ilẹ̀ náà ti bàjẹ́, kí ẹ tà á ní gbàǹjo. Ẹ má dá wọn lóhùn. Lọ́jọ́ tí oṣù 6 bá pé, ẹ padà sí Òkè-Mosán pẹ̀lú ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn. Bí wọ́n bá sún un síwájú láìdá ọjọ́, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ wá agbẹjọ́rò.