Ẹ Bi Wá: Ìlù, Ilé àti Ìwé Àṣẹ ní Harlem

Lẹ́tà pọ̀ lórí Harlem, àdúgbò aláwọ̀ dúdú tó lókìkí jù ní New York. Àwọn kan ń gbé níbẹ̀, àwọn mìíràn fẹ́ lọ, àwọn kan kàn fẹ́ mọ ohun tó pa àwa Yorùbá àti ibẹ̀ pọ̀. Àwọn tí a rí i pé ìdáhùn wọn yóò wúlò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyí.

Ìyàwó mi máa bímọ nínú oṣù Keje. Òpópónà 116 ni a ń gbé. A fẹ́ sọmọ lórúkọ níta, pẹ̀lú gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti sípíkà. Àwọn kan ní kí a kàn gbé àga síta. Ṣé ọlọ́pàá kò ní lé wa? — Bàbá Ìkókó, Harlem

Ẹ kú ìrètí o, Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ layọ̀. Ọjọ́ ni ìṣòro yín àkọ́kọ́, kì í ṣe ọlọ́pàá. Ọjọ́ kẹjọ ni a ń sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n Street Activity Permit Office, ọ́fíìsì ìjọba ìlú tí gbogbo ènìyàn ń pè ní SAPO, fẹ́ kí ìwé ìbéèrè yín dé ọwọ́ wọn ní 60 ọjọ́ ṣáájú. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ ìbí ọmọ ní oṣù méjì ṣáájú. Ẹ sọmọ lórúkọ nínú ilé lọ́jọ́ kẹjọ pẹ̀lú oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare yín. Kí ẹ wá fi ti òde ṣe àríyá àdúgbò lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹjọ tàbí Kẹsàn-án.

Ẹ má kọ òpópónà 116 sínú ìwé náà. Ọ̀nà bọ́ọ̀sì ni, ó fẹ̀, ọkọ̀ ń lọ ọkọ̀ ń bọ̀; ó ṣòro kí wọ́n gbà kí ẹ tì í pa. Òpópónà kékeré tí ilé ìgbé kún, láti ìkóríta kan sí èkejì, ni wọ́n ń fọwọ́ sí. Ẹ bá ẹnì kan tó ń gbé ní irú òpópónà bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó jẹ́ agbátẹrù yín. Dọ́là 25 ni owó ìwé, wọn kì í sì í dá a padà bí wọn kò bá tilẹ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ kò gbọdọ̀ ta ohunkóhun níbẹ̀, ì báà ṣe súyà, ì báà ṣe aṣọ. Ìgbìmọ̀ àdúgbò, Community Board 10 fún àárín gbùngbùn Harlem, yóò yẹ ìwé yín wò. Ẹ lọ sí ìpàdé wọn fúnra yín. Bí aládùúgbò kan bá dìde láti ṣàròyé tí kò sì sí ẹni tó máa gbẹnu sọ fún yín, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń wọ́.

Ti sípíkà ní ìwé tirẹ̀. Àgọ́ ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ àdúgbò yín ni ẹ ó ti gbà á, ó kéré tán ọjọ́ 5 ṣáájú, ní dọ́là 45. Àgọ́ 28 ló ń ṣọ́ apá gúúsù títí dé nǹkan bí òpópónà 127, àgọ́ 32 ló ń ṣọ́ òkè rẹ̀. Ìlù tí a fọwọ́ lù lásán kò nílò ìwé yìí, ohun tó bá ti gba ẹ̀rọ kọjá ló nílò rẹ̀. Ní ọjọ́ àríyá, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 15 sílẹ̀ láàárín ọ̀nà fún ọkọ̀ panápaná, kí ẹ má ta tẹ́ǹtì bò ó. Ẹ lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, torí ẹ kò lágbára láti fipá wọ́ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni.

Bí gbogbo èyí bá pọ̀ jù fún yín, ẹ lo Marcus Garvey Park. Bí èrò yín bá tó 20, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọ́fíìsì ọgbà ìlú, dọ́là 25 ni òun náà, kí ẹ sì béèrè ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú. Láti 1969 ni àwọn onílù ti ń pé jọ sínú ọgbà yìí ní ọjọ́ Sátidé nígbà ooru. Ní nǹkan bí ọdún 2008, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fúláàtì olówó ńlá létí ọgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé pé ariwo ìlù kò jẹ́ kí àwọn sinmi. Wọ́n ní kí àwọn onílù ṣípò lọ sí ibòmíràn nínú ọgbà, ọ̀rọ̀ náà sì dá ìrora sílẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kí ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ yín. Ohun tí àwọn àgbà ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí lójú ẹni tó dé lánàá.

Ṣé lóòótọ́ ni pé iṣẹ́ ọnà àwọn ará wa wà ní Harlem? Àti pé wọ́n bọ òrìṣà níbẹ̀ rí? — Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà, Òṣogbo

Òótọ́ ni méjèèjì. Arábìnrin Barbara Ann Teer dá National Black Theatre sílẹ̀ ní 1968. Ó wá sí ilẹ̀ wa láàárín àwọn ọdún 1970, ohun tó rí nínú ọdún ìbílẹ̀ Yorùbá sì wọ inú iṣẹ́ tíátà rẹ̀ lọ ràì. Ní 1983, ẹgbẹ́ náà ra ilé kan ní Fifth Avenue, láàárín òpópónà 125 àti 126, wọ́n sì mú àwọn oníṣẹ́ ọnà láti Òṣogbo wá kí wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Wọ́n ti wó ilé àtijọ́ náà láti kọ́ ilé gogoro tuntun tí tíátà yóò wà nínú rẹ̀ síbẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ wo iṣẹ́ náà, ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ tó wá, ẹ má kàn yọ sí wọn.

Ní ti òrìṣà, Walter King, ọmọ Detroit, lọ sí Matanzas ní Cuba ní 1959, wọ́n sì fi í ṣe olórìṣà Ọbàtálá níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ di Oseijeman Adefunmi. Ó dá tẹ́ńpìlì sílẹ̀ ní Harlem, èyí tí a wá mọ̀ sí Yoruba Temple, ní òpópónà 116. Ní 1970, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ dá abúlé Ọ̀yọ́túnjí sílẹ̀ ní South Carolina. Àwọn ará Cuba àti Puerto Rico ní apá ìlà-oòrùn Harlem ti ń bọ òrìṣà ní tiwọn pẹ̀lú. Títí di òní, ẹ óò rí botánica níbẹ̀, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ewé, ìlẹ̀kẹ̀, àbẹ́là àti ohun èlò òrìṣà.

Ẹ fi ti Babatunde Olatunji kún un, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, onílù tí àwo orin rẹ̀ tó jáde ní 1960 gbé ìlù ilẹ̀ wa dé etí gbogbo Amẹ́ríkà. Ó ṣí ilé ẹ̀kọ́ ìlù àti ijó sí òpópónà 125. Níbẹ̀ ni John Coltrane, gbajúmọ̀ afọnfèrè jazz, ti fọn fèrè ní 23 oṣù Kẹrin 1967, oṣù mẹ́ta ṣáájú ikú rẹ̀.

Lónìí, tẹ́ńpìlì náà kò sí ní 116 mọ́, ilé ìlù kò sì sí ní 125. Ẹgbẹ́ tíátà tó ra ilé ṣì wà lójú ilẹ̀ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀ṣì Abyssinian Baptist, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1808, tó kọ́ ilé tirẹ̀ sí òpópónà 138 ní 1923. Ní èrò tiwa, ẹgbẹ́ Yorùbá èyíkéyìí tó bá fẹ́ kí àṣà pẹ́ ní ìlú òkèèrè gbọ́dọ̀ máa kó owó ilé jọ kí ó tó kó owó aṣọ ẹbí.

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, kú lóṣù tó kọjá. Ọdún mẹ́fà ni mo fi bá wọn gbé nínú fúláàtì wọn ní òpópónà 143. Onílé ní kí n kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan. — Ọmọ Ìjẹ̀bú, Harlem

Ẹ kú àṣẹ̀hìndè, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ má kó jáde. Ẹni tó bá ti gbé inú ilé fún 30 ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, onílé kò lè lé e láìgba kóòtù kọjá. Bí ó bá pààrọ̀ àgádágodo, ẹ pe ọlọ́pàá. Ọ̀ràn ni lábẹ́ òfin.

Ohun kejì: ẹ béèrè àkọsílẹ̀ owó ilé náà lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DHCR. Ọ̀fẹ́ ni. Bí fúláàtì bá tó 6 nínú ilé náà, tí wọ́n sì ti kọ́ ọ ṣáájú 1974, ó ṣeé ṣe kí ó wà lára àwọn ilé rent-stabilized, ìyẹn ilé tí onílé kò lè fowó lé bó ṣe wù ú. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ìbátan tó bá olóògbé gbé fún ọdún 2 gbáko ṣáájú ikú rẹ̀ lè gba ipò rẹ̀. Ọdún 1 ni fún arúgbó tàbí aláìlera.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣubú nìyí. Òfin náà to ìbátan lẹ́sẹẹsẹ: ọkọ, aya, ọmọ, òbí, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ẹni, òbí àgbà, ọmọ-ọmọ, àna. Àǹtí kò sí níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá ni lọ́dọ̀ wa. Ẹnu ọ̀nà mìíràn wà fún yín: kí ẹ fi hàn pé ẹ jọ gbé bí ẹbí, ẹ jọ náwó, ẹ sì jọ gbára lé ara yín. Ẹ wá àkáùǹtì báńkì tí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà, owó iná tí ẹ san, ìwé ilé ìwòsàn tí wọ́n ti kọ yín sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lè pè, àti ìwé owó orí tó gbé àdírẹ́sì náà. Fọ́tò àríyá nìkan kò tó. Bí onílé bá fi owó lọ̀ yín kí ẹ lè jáde, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ kò fẹ́. Kò gbọdọ̀ tún lọ̀ yín fún 180 ọjọ́. Bí ìwé kóòtù bá dé, ẹ dé kóòtù lọ́jọ́ tí wọ́n dá, kí ẹ béèrè lọ́yà ọ̀fẹ́. Ìlú New York ń pèsè rẹ̀ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tí kò yọjú ni ẹjọ́ máa ń dá lẹ́bi.

Mo fẹ́ ṣèwádìí ní Schomburg. Kí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀? — Akẹ́kọ̀ọ́, Yunifásítì Ìbàdàn

Ilé ìkàwé ìwádìí nípa àwọn aláwọ̀ dúdú ni Schomburg, ó wà ní igun òpópónà 135 àti Malcolm X Boulevard. Arturo Schomburg, ọmọ Puerto Rico, ló kó àwọn ìwé tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jọ. Àjọ aláàánú Carnegie rà á fún ilé ìkàwé ìlú ní 1926 ní dọ́là 10,000. Bí ẹ bá fẹ́ ìwé tí wọ́n tẹ̀, ọ̀rọ̀ rọrùn. Lẹ́tà, ìwé àfọwọ́kọ àti fọ́tò ló ní ìlànà. Láti ilé yín ni ẹ ó ti béèrè fún káàdì ilé ìkàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo àkójọ náà, kí ẹ kọ nọ́ḿbà àpótí tí ẹ fẹ́ sílẹ̀, kí ẹ sì bá ẹ̀ka tó ń tọ́jú rẹ̀ dá ọjọ́. Apá kan àwọn àpótí kì í sí nínú ilé náà, wọ́n ní láti gbé e wá. Ẹni tó bá fò dé láti Èkó láìdá ọjọ́ lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Pẹ́ńsù ni kí ẹ mú, bírò kò wọlé. Bí ẹ bá ń jáde, ẹ wo ilẹ̀ gbọ̀ngán: abẹ́ àwòrán roboto tó wà níbẹ̀ ni eérú akéwì Langston Hughes wà.

Ẹnì kan pe ọ̀nà tí mo ń lọ ní Harlem ní Lenox, ẹlòmíràn pè é ní Malcolm X. Èwo ni kí n sọ fún onítáksí? — Ìyá Arìnrìn-àjò, Lọ́ńdọ̀nù

Ọ̀nà kan náà ni, èyíkéyìí tí ẹ bá sọ dára. Seventh Avenue ń jẹ́ Adam Clayton Powell Jr. Boulevard ní Harlem, Eighth Avenue ń jẹ́ Frederick Douglass Boulevard, òpópónà 125 sì ń jẹ́ orúkọ Martin Luther King. Ti rélùwéè ló ń ṣi àlejò lọ́nà jù: ọkọ̀ A àti D kì í dúró láàárín òpópónà 59 àti 125 lọ́sàn-án, nítorí náà bí 116 ni ẹ ń lọ, ọkọ̀ 2 tàbí 3 ni kí ẹ wọ̀.